Ayyappan àti Vavar: Ìtàn Ilé Òrìṣà Orí Òkè Sabarimala

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè bí ó ṣe ṣeé ṣe kí ènìyàn di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú gírígírí, kí ó sì tún máa fi ọ̀wọ̀ fún ti ẹlòmíràn. N kì í wá àpẹẹrẹ ìdáhùn nítòsí, nítorí pé àpẹẹrẹ ìtòsí a máa dá ìjà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ọ̀nà jíjìn ni mo máa ń gbé wọn lọ, sí orílẹ̀-èdè Índíà, sí orí òkè kan tí a ń pè ní Sabarimala. Ilé òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá dé ibẹ̀ ní ọ̀nà tí àwọn baba ńlá wọn là sílẹ̀, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ ya mọ́ṣáláṣí.

Ìpínlẹ̀ Kerala ni Sabarimala wà, ní ìhà gúúsù Índíà, ní agbègbè Pathanamthitta. Igbó kìjikìji ni ó yí òkè náà ká, ara ilẹ̀ ìpamọ́ Periyar ni igbó ọ̀hún sì jẹ́, níbi tí ìjọba ti ń dáàbò bo ẹkùn àti erin. Mọ́tò kì í dé ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà yìí. Odò Pamba ni mọ́tò ń mọ. Láti ibẹ̀ ni olúkúlùkù yóò ti fi ẹsẹ̀ gun òkè fún nǹkan bíi kìlómítà 5. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú. Láti àárín oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù kìíní ni àsìkò ńlá, pẹ̀lú ìsinmi ráńpẹ́ ní ìparí oṣù kejìlá. Yàtọ̀ sí èyí, ọjọ́ 5 àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwọn Malayalam ṣe ń ka oṣù, àti ọjọ́ ọdún mélòó kan, ni wọ́n fi ń ṣí i. Bí àyè ọ̀hún ti kéré tó yìí, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń gun òkè náà lọ́dọọdún.

Orúkọ òkè náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. 'Mala' ni òkè ní èdè Malayalam. Sabari sì ni obìnrin arúgbó kan tí ìtàn Ramayana dárúkọ, ọmọ ìran tí àwọn ọmọ ilé ńlá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, tí ó ń gbé inú igbó, tí ó sì ń retí ìgbà tí Rama yóò kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Rama dé, èso igbó nìkan ni Sabari ní láti fi ṣe é lálejò. Bí àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́, ó kọ́kọ́ tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ó má baà gbé èyí tó kan fún un. Ní ilẹ̀ tí òfin ìran kò ti gbà kí ọmọ ọba jẹ ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ ti fi ẹnu kàn, Rama gba èso náà, ó sì jẹ ẹ́. Kí Ayyappan tó di onílé lórí òkè yẹn rárá ni wọ́n ti fi ìtàn oúnjẹ àjẹpọ̀ sọ ibẹ̀ lórúkọ.

Ta wá ni Ayyappan? Nínú ẹ̀sìn Híńdù, àwọn tí ó ń sin Shiva wà lọ́tọ̀, àwọn tí ó ń sin Vishnu wà lọ́tọ̀, ìgbà mìíràn sì ti wà rí tí àárín wọn kò gún. Ọmọ àwọn méjèèjì ni Ayyappan. Vishnu ni ó para dà di arẹwà obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mohini, tí òun àti Shiva sì jọ bí ọmọ. Ìdí nìyí tí orúkọ rẹ̀ mìíràn fi ń jẹ́ Hariharaputra: Hari ni Vishnu, Hara ni Shiva, putra ni ọmọ. Ìbí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti parí ìjà kan.

Wọ́n ní ọba kan wà ní ìlú Pandalam, Rajasekhara ni orúkọ rẹ̀, kò sì bímọ. Ní ọjọ́ kan tí ó lọ ṣọdẹ, ó gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́ létí odò Pamba. Agogo kékeré kan wà ní ọrùn ọmọ náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Manikandan, èyí tí í ṣe ọlọ́rùn agogo. Ọba gbé e lọ sílé, ó tọ́ ọ dàgbà bí ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tó yá, olorì wá bí ọmọkùnrin kan. Olóyè àgbà ààfin, tí kò fẹ́ kí ọmọ àrìnkò jọba, tan olorì kí ó díbọ́n àìsàn, kí wọ́n sì ní wàrà abo ẹkùn nìkan ni oògùn rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ àlọ́ orogún tí ó rán ọmọ ìyàwó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò ní bọ̀ níbẹ̀? Manikandan, ọmọ ọdún 12, ní òun yóò lọ. Nínú igbó ni ó ti bá Mahishi pàdé, abo iwin olórí ẹfọ̀n tí ó ti ń yọ ayé lẹ́nu, tí ó sì ti gba ẹ̀bùn pé kò sí ẹni tí yóò lè pa òun àfi ọmọ tí Shiva àti Vishnu bá jọ bí. Ọmọ náà pa á. Nígbà tí yóò padà sílé, orí ẹkùn ni ó jókòó sí, ọ̀wọ́ ẹkùn mìíràn sì ń tẹ̀ lé e wọ ìlú. Ọba mọ̀ nígbà náà pé ọmọ ènìyàn kọ́ ni òun ń tọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ibi tí òun yóò kọ́ ilé sí fún un. Manikandan ta ọfà, ọfà náà sì balẹ̀ sórí òkè Sabari. Títí di òní, láti ààfin Pandalam ni wọ́n ti máa ń ru àpótí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà òrìṣà náà wá ní oṣù kìíní ọdún, bí baba tí ó ń fi aṣọ ọdún ránṣẹ́ sí ọmọ.

Ìtàn ààfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn ààfin kì í ṣe gbogbo ìtàn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìtàn ẹ mọ èyí. Àwọn Mala Araya, ọmọ onílẹ̀ tí ó ti ń gbé orí àwọn òkè wọ̀nyẹn láti àtayébáyé, ní ọ̀dọ̀ àwọn ni òrìṣà náà wà kí ọba tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, àti pé àwọn baba àwọn ni ó ń tan iná mímọ́ tí àwọn olùsìn ń rí lókèèrè ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi gbà pé iná náà ń tan fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2011 ni ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso ilé òrìṣà náà, Travancore Devaswom Board, sọ níwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga Kerala pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń tan án, ní ibi tí a ń pè ní Ponnambalamedu. Àwọn onímọ̀ kan tún tọ́ka sí i pé Sastha, orúkọ mìíràn tí Ayyappan ń jẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tí a fi ń pe Buddha, àti pé ọ̀rọ̀ 'saranam', ìyẹn 'ibi ìsádi', tí àwọn olùsìn Ayyappan ń ké, wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn Búdà pẹ̀lú. Èrò wọn ni pé ojúbọ ẹ̀sìn Búdà lè ti wà níbẹ̀ kí ó tó di ti Híńdù. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú pé kí òkè kan ní onílé mẹ́ta nínú ìtàn.

Ọ̀rọ̀ Vavar ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Mùsùlùmí ni Vavar. Àwọn kan ní jagunjagun orí omi ni, olè ojú òkun tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí etíkun Kerala láti kó ìlú. Àwọn mìíràn ní ẹni mímọ́ tí ó wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni. Ìtàn tí ó gbilẹ̀ jù ni pé òun àti Ayyappan pàdé lójú ogun, wọ́n jà, Ayyappan borí, ìjà náà sì di ọ̀rẹ́. Vavar wá bá a jagun lórí Udayanan, ọ̀gá àwọn ọlọ́ṣà inú igbó tí ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí ni ohun tí kò sí níbẹ̀: kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé Vavar fi ẹ̀sìn Ìsìláàmù sílẹ̀. Mùsùlùmí ni nígbà tí ó dé, Mùsùlùmí náà ni ó sì jẹ́ títí tí ìtàn fi parí. Wọ́n ní Ayyappan ni ó pàṣẹ pé ẹni tí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ọ̀rẹ́ òun.

Àṣẹ yìí ni wọ́n ń pa mọ́ ní ìlú Erumeli, ní agbègbè Kottayam. Mọ́ṣáláṣí Vavar wà ní àárín ìlú náà, ilé òrìṣà Ayyappan kékeré kan sì dojú kọ ọ́ ní òdì kejì títì. Àwọn arìnrìn-àjò a ti ilé òrìṣà kékeré jáde, wọn a sọdá títì, wọn a yí mọ́ṣáláṣí po, wọn a fi ọrẹ sílẹ̀, kí wọ́n tó kọjá sí ilé òrìṣà ńlá tí ó wà níwájú. Mọ́ṣáláṣí ni mo pè é: àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ń kírun wákàtí márààrún nínú rẹ̀, kì í ṣe ojúbọ tí a kàn fi orúkọ mọ́ṣáláṣí pè.

Ọjọ́ tí ó dùn jù ní Erumeli ni ọjọ́ ijó tí a ń pè ní Petta Thullal, tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 11 tàbí 12 oṣù kìíní. Ijó ayọ̀ ikú Mahishi ni. Àwọn ènìyàn a fi àwọ̀ kun ara, wọn a mú ọfà àti ohun ìjà onígi dání, wọn a máa fò sókè. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń ṣáájú, ti Ambalappuzha àti ti Alangad. Ẹgbẹ́ Ambalappuzha kì í gbé ẹsẹ̀ àfi bí wọ́n bá rí àwòdì tí ó ń rà bàbà lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá ti rí i, wọn a jó wọ inú ọgbà mọ́ṣáláṣí, àwọn olórí mọ́ṣáláṣí a sì fi òdòdó kí wọn káàbọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá ní ìràwọ̀ yọ, ẹgbẹ́ Alangad a jáde. Àwọn wọ̀nyí kì í wọ mọ́ṣáláṣí. Kì í ṣe ìkórìíra. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Vavar kò sí nílé mọ́, ó ti bá ẹgbẹ́ Ambalappuzha lọ. Wọn a kàn tẹrí ba níwájú ilé onílé tí ó jáde, wọn a sì kọjá. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Sabarimala, àlàyé yìí ni ó wù mí jù, nítorí ó fi hàn pé lójú àwọn ènìyàn náà, Vavar kì í ṣe orúkọ inú ìtàn lásán. Ẹni tí ó lè wà nílé tàbí kí ó má sí nílé ni. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ijó yìí, mọ́ṣáláṣí náà a máa ṣe ọdún tirẹ̀, Chandanakudam, pẹ̀lú erin àti ìlù káàkiri ìlú, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù a sì jáde wá wò ó.

Kí ènìyàn tó gbéra rárá, yóò ti fi ọjọ́ 41 pa èèwọ̀ mọ́. Yóò so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, yóò wọ aṣọ dúdú tàbí aṣọ aró, kò ní jẹ ẹran, kò ní mu ọtí, kò ní bá obìnrin lò, kò ní fá irùngbọ̀n. Láti ọjọ́ tí ó ti so ìlẹ̀kẹ̀ náà ni orúkọ rẹ̀ ti yí padà: 'Swami' ni gbogbo ènìyàn yóò máa pè é, òun náà yóò sì máa pe àwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ni o, alágbàṣe ni o, Swami ni. Swami kan náà ni wọ́n sì ń pe òrìṣà. Gbólóhùn èdè Sanskrit tí wọ́n kọ sí iwájú ilé òrìṣà náà, 'Tat tvam asi', ń sọ pé ohun tí ò ń wá, ìwọ gan-an ni. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1936 ni ọba Travancore, Chithira Thirunal Balarama Varma, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣẹ ṣí àwọn ilé òrìṣà ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí a ń pè ní ẹni ìsàlẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí alágbàṣe máa pe ọmọ ìdílé àwòrò ní orúkọ kan náà tí a fi ń pe òun kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹrù olójú méjì ni arìnrìn-àjò ń rù. Àgbọn tí wọ́n da bọ́tà yíyọ́ kún wà nínú rẹ̀. Bọ́tà yìí ni wọ́n ń dà sí òrìṣà lára. Ẹni tí kò bá ru ẹrù yìí kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn mímọ́ 18 tí ó wọ ilé òrìṣà. Nítòsí àtẹ̀gùn yẹn ni àyè Vavar wà. Kò sí ère kankan níbẹ̀, bí ó ti yẹ Mùsùlùmí: òkúta pẹlẹbẹ kan, aṣọ àrán aláwọ̀ ewé, àti idà. Mùsùlùmí ni ó ń tọ́jú ibẹ̀. Òun ni ó ń gba ọrẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tí ó sì ń fún wọn ní eérú àti ata dúdú oníhóró, èyí tí ó jọ iyèré tiwa, kí wọ́n mú un relé.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà kò gbẹ́yìn. Ní Arthunkal, létí òkun ní agbègbè Alappuzha, ṣọ́ọ̀ṣì Andrew Mímọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùsìn Ayyappan, bí wọ́n bá ń bọ̀ láti orí òkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Wọ́n ní Ayyappan ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, Baba Funfun. Àwọn kan so orúkọ yìí mọ́ Jacomo Fenicio, àlùfáà Jesuit ọmọ Ítálì tí ó ṣiṣẹ́ ní Arthunkal láti ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí ó sì kú ní ọdún 1632. Ẹni tí ó bá ka ọdún yóò rí i pé ọba Pandalam àti àlùfáà Ítálì kò lè gbé ayé pọ̀. Ìtàn àbáláyé kì í ka ọdún bí ọlọ́jà ti ń ka owó. Ohun tí ó ń sọ ni ẹni tí àwọn ènìyàn fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ òrìṣà wọn. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, orin Harivarasanam ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn Sabarimala. Nínú fíìmù 'Swami Ayyappan' ti ọdún 1975, K. J. Yesudas ni ó kọ ọ́, G. Devarajan sì ni ó ṣe ohùn orin rẹ̀. Inú ìdílé Kátólíìkì ni wọ́n bí Yesudas sí, Devarajan sì jẹ́ ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ilé òrìṣà Guruvayur, ní Kerala kan náà, kò gba ẹni tí kì í ṣe Híńdù wọlé; ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá Yesudas dúró, nígbà tí ohùn rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn ní Sabarimala.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oyin nìkan ni ó wà nínú agbè yìí. Ní ọdún 1950, iná jó ilé òrìṣà náà. Ìwádìí tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan, K. Kesava Menon, ṣe fi hàn pé ènìyàn ni ó dá iná ọ̀hún: wọ́n rí ojú àáké lára ilẹ̀kùn, ère sì ti fọ́. Ìfura tẹ́ lé àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ilẹ̀ gbóná, ìjọba kò sì gbé ìwé ìwádìí náà jáde títí di ọdún 1957. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. P. T. Rajan ti ìlú Madurai, tí ó ti ṣe olórí ìjọba Madras fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1936, kó ipa ńlá nínú ère tuntun onírin márùn-ún, wọ́n sì gbé e kiri ilẹ̀ àwọn Tamil kí wọ́n tó gbé e gun òkè. Láti ìgbà náà ni àwọn Tamil ti ń rọ́ lọ sí Sabarimala.

Ní ọdún 1983, wàhálà tún bẹ́ ní Nilakkal, lójú ọ̀nà òkè náà. Wọ́n rí àgbélébùú òkúta kan nítòsí ilé òrìṣà Shiva tí ó wà níbẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Kerala gbà pé Tọ́másì àpọ́sítélì dá ìjọ kan sílẹ̀ ní Nilakkal, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ọgbà òrìṣà ni ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ojú ìwọ́de àti ìfàṣẹ-ọba-múni. Ìjíròrò ni ó pa á: wọ́n gbà láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ibòmíràn tí ó jìnnà sí ilé òrìṣà, oríṣiríṣi ìjọ Kìrìsìtẹ́nì sì pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1984. Mo fẹ́ràn láti sọ ìtàn Nilakkal fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ti Vavar lọ nígbà mìíràn. Ìtàn Vavar dùn, ṣùgbọ́n ti Nilakkal ni ó fi hàn bí àwọn ènìyàn tí inú ń bí ṣe lè jókòó sórí àga, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí oníkálukú sì fi nǹkan sílẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kì í gbàgbé láti bi mí: àwọn obìnrin ńkọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ilé tí ó ṣí fún Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ìlẹ̀kùn mọ́ obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàrin ọdún 10 sí 50, nítorí wọ́n ní Ayyappan jẹ́ àpọ́n tí ó ti búra. Ilé Ẹjọ́ Gíga Kerala fi òǹtẹ̀ lu èèwọ̀ náà ní ọdún 1991. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, adájọ́ 4 nínú 5 ní Ilé Ẹjọ́ tó ga jù ní Índíà fagi lé e; adájọ́ kan ṣoṣo tí kò gbà ni Indu Malhotra, òun nìkan sì ni obìnrin láàrin wọn. Rògbòdìyàn gba Kerala kan. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2019, obìnrin méjì wọ ilé òrìṣà náà kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn àwòrò sì ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ láti ṣe ètùtù. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kan náà darí àwọn ìbéèrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà sí ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi kò rí bí a ṣe lè máa yin ilé kan fún ilẹ̀kùn tí ó ṣí kí a má sì wo èyí tí ó tì.

Nínú ooru yẹn kan náà ni ẹnì kan gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Kerala, ní ọdún 2018, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Híńdù gun Sabarimala mọ́. Àwọn adájọ́ rán an létí pé ibi tí gbogbo ẹ̀sìn ń wọ̀ ni ó ti jẹ́, wọ́n sì mẹ́nu kan àyè Vavar. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí ọlọ́pàá ṣì pọ̀ lójú ọ̀nà òkè náà, àwòdì rà bàbà lókè Erumeli, ẹgbẹ́ Ambalappuzha sì jó wọ ọgbà mọ́ṣáláṣí.